Àjẹ̀ Tí A Pààrọ̀ Lórí Odò Ọya

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ mọ́tò ní Póòsì Ọ́fíìsì, tí ẹ ń dé Jẹ́bà kí àkàrà ọwọ́ yín tó tutù, ẹ̀yin lẹ ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi máa ń wo èèyàn látòkè délẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Ẹ ní ìfura mi ti pọ̀ jù. Ó dáa. Ẹ pa fóònù yẹn mọ́, kí ẹ jókòó, kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún yín.

Obì ni mo ń tà nígbà náà, obì gbàǹja, orí omi ni mo sì ti ń tà á. Ẹ máa wò mí báyìí o, èmi ọmọ Ìlọrin tí n kò mọ omi kan ju ti inú kànga lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Tápà etí Odò Ọya fẹ́ràn obì, àwa náà sì fẹ́ràn ẹja gbígbẹ àti ìrẹsì wọn. Kò sí títì tó dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọjà wọn nígbà yẹn. Mọ́tò akẹ́rù á gbé wa láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, a ó sọ̀kalẹ̀ létí omi, a ó wọ ọkọ̀, a ó sì máa bá omi lọ sí ìsàlẹ̀, ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, títí a ó fi dé ìhà Patégi.

Ìyá Sẹfíà ló kọ́ mi ní òwò náà. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni, obìnrin tínínrín kan tó jẹ́ pé tí Ààfáà bá ń ṣàdúà fún un, á la ojú kan sílẹ̀ kó lè rí ohun tí Ààfáà ń fi ọwọ́ ṣe. Bí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ná. Ó gbọ́ èdè Tápà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì ti gbẹ̀bí fún ìdajì àwọn ọmọ agboolé wa. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ewé tútù di obì sínú apẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tú u wò lọ́jọ́ méjì-méjì kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ tán, àti bí wọ́n ṣe ń sùn lé apẹ̀rẹ̀ lórí láìsùn.

Ohun tó máa ń wá sí mi létí títí dòní ni ìró àjẹ̀, igi pẹlẹbẹ yẹn tí atukọ̀ fi ń wa ọkọ̀. Bó bá fà á, á kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, gbò. Á tún fà á, gbò. Gbogbo ọ̀sán nìyẹn. O lè sùn sí i bí ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá gbọ́ gbò-gbò-gbò lẹ́yìn rẹ, tó ń yára ju bó ṣe yẹ lọ, má bojú wẹ̀yìn. Sọ fún atukọ̀ tìrẹ kí òun náà máa yára.

Bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ pàdé, láti òkèèrè ni ìkíni ti ń bẹ̀rẹ̀. Atukọ̀ ti ìhín á béèrè ilé, ti ọ̀hún á ní àlàáfíà ni. Wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ewúrẹ́, títí wọ́n á fi kọjá ara wọn, wọ́n á sì máa kí ara wọn lọ títí ohùn ò fi ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìfẹ́ ni. Ìwádìí ni. Wọ́n ń fi ẹnu béèrè ewúrẹ́, wọ́n ń fi ojú ka ẹrù. Tí o bá sì bi ẹni tó ń tọjà bọ̀ pé báwo ni obì ṣe ń lọ, á ní àwọn ọmọdé ń fi obì ju ewúrẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, obì ti wọ́n bí wúrà, kò fẹ́ kó o débẹ̀ ni. Ìyá Sẹfíà kì í béèrè. Bí ọkọ̀ ẹni náà ṣe rì sínú omi tó ló máa ń wò. Tó bá fúyẹ́, wọ́n ti tà. Tó bá wúwo, ẹrù tí wọ́n gbé lọ ni wọ́n tún ń gbé bọ̀.

Nígbà tí omi bá kún, ọkọ̀ onírin ńlá máa ń kọjá nígbà mìíràn, tòun ti èéfín rẹ̀. Atukọ̀ wa á tètè dojú ọkọ̀ kọ ìgbì, torí tó bá fi ẹ̀gbẹ́ gbà á, gbogbo wa ti di oúnjẹ ẹja. Àwọn tó wà lókè ọkọ̀ ńlá yẹn á máa juwọ́ sí wa. Èmi máa ń jù ú padà. Ìyá Sẹfíà á ní kí n sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. "O mọ̀ wọ́n ni? Kí ni wọ́n ń fẹ́ gbà?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbò fún yín kí n tó gbàgbé. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣe Iléyá, a ra àgbò kan sínú ọkọ̀, àgbò funfun. A pàdé ọkọ̀ mìíràn, àgbò funfun wà nínú tiwọn náà. Bí àwọn méjèèjì ṣe fojú kan ara wọn báyìí, tiwa fò, tiwọn náà fò, wọ́n pàdé nínú omi. A fa àgbò méjì jáde, a ò wá mọ èyí tó jẹ́ tẹni. Èyí tó sanra ni gbogbo wa mọ̀ pé tiwa ni. Ìyá Sẹfíà ní òun dá tiwa mọ̀, pé ó máa ń wúkọ́ bí ọkọ òun. A dúró lórí omi, a ń retí kí àgbò wúkọ́. Àwọn méjèèjì wúkọ́. Omi ti wọ̀ wọ́n nímú.

Irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí àwọn atukọ̀ ní àṣà kan. Bí ọkọ̀ méjì bá ní láti dúró pọ̀ lójú omi, bóyá wọ́n fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn tàbí wọ́n fẹ́ tọrọ iná, wọ́n á kọ́kọ́ pààrọ̀ àjẹ̀. Tèmi á wà lọ́wọ́ rẹ, tìrẹ á wà lọ́wọ́ mi. Kálukú ló ń fi irin gbígbóná sàmì sí tirẹ̀, gbogbo etídò ló sì mọ àmì ara wọn. Bí o bá jí nǹkan mi sá lọ, àjẹ̀ rẹ á máa rojọ́ rẹ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí a bá ṣe tán, kálukú á gba tirẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá lójú omi yẹn, kò sí ìwé. Igi méjì ni wọ́n fi ń gba ara wọn gbọ́.

Ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó náírà fún wa ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, omi ti fà, iyanrìn ti yọ sókè láàrin odò káàkiri. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbọn ṣì kù lọ́wọ́ àwọn kan, a sì ti gbọ́ ọ lọ́jà pé àwọn olè kan ń fi obìnrin tàn èèyàn lójú omi: obìnrin á máa sunkún, tí o bá sún mọ́ wọn, ọkùnrin mẹ́ta á dìde lábẹ́ ẹní. Èmi ò rí wọn. Ẹni tó sọ fún wa ò rí wọn. Ṣùgbọ́n a gbà á gbọ́ dáadáa.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀: èmi, Ìyá Sẹfíà, àti Ndàgí tó ń wa ọkọ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́fà. Kò ju ìrìn wákàtí kan lọ tó kù ká dé Patégi. Oòrùn ti kúrò lágbedeméjì orí díẹ̀. Ndàgí dáwọ́ àjẹ̀ dúró.

"Ìyá, ẹ wo ọkọ̀ iwájú yẹn. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn."

"Bóyá ó ń ronú," ni mo wí.

"Lójú omi?" ni Ìyá Sẹfíà wí. "Ilé ni wọ́n ti ń ronú."

Ọkọ̀ náà ń yí po bí ẹni tó mutí. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró nínú rẹ̀, ó di àjẹ̀ mú bí ọkọ́, ó ń ro omi bí ẹni ń kọ ebè. Ẹní kan bo nǹkan lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ndàgí rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ̀ Màmúdù nìyẹn. Mo mọ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ nímú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í ṣe Màmúdù."

Ọkùnrin náà rí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá. Ní èdè Tápà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, mò ń gbọ́ ọ nígbà yẹn, n kò lè sọ ọ́ dáadáa ni. Ó ní ìyàwó òun ń rọbí, kí a jọ̀ọ́.

Ìyá Sẹfíà ò dá a lóhùn lórí ìyàwó. "Ta ló ni ọkọ̀?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ó wo inú ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ orúkọ náà síbẹ̀. "Àlíyù."

Ndàgí gbé ọ̀pá tó fi ń ti ọkọ̀ níbi tí omi ò bá jìn sókè. Ẹní náà mì. Ohùn kan kérora lábẹ́ rẹ̀, mo sì di apẹ̀rẹ̀ obì mú bí ẹni pé òun ló máa gbà mí.

"Ìyá, obìnrin ni," ni mo wí.

"Ẹnikẹ́ni lè kérora. Èmi náà ń kérora tí ọkọ mi bá ní kí n gbé omi wá." Ó na ọrùn, ó gbé ohùn sókè. "Ìwọ tó wà lábẹ́ ẹní, tí o bá dìde, kí lo máa fi ọkọ rẹ ṣe?"

Ohùn náà jáde, eyín ló fi ń sọ ọ́. "Màá fi àjẹ̀ yẹn fọ́ ọ lórí. Àtàárọ̀ ni mo ti sọ fún un. Ó ní kí òun kọ ebè tó kù tán ná."

Ìyá Sẹfíà yíjú sí Ndàgí. "Wà á lọ síbẹ̀. Ọkùnrin kankan ò lè kọ́ obìnrin ní ìyẹn."

Ẹ má rò pé ìfura ti tán o. Nígbà tí a sún mọ́ wọn, Ìyá Sẹfíà ní kí wọ́n pààrọ̀ àjẹ̀ ná. Àgbẹ̀ yẹn di tọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní òun ò lè fún wa torí kì í ṣe tòun. Ó kéré tán, ó sọ òótọ́ kan lọ́jọ́ náà. Ìyá Sẹfíà ní àjẹ̀ tàbí kí á máa lọ. Obìnrin náà tún kígbe, àgbẹ̀ ju àjẹ̀ sí wa, Ndàgí ju tiwa sí i. Àmì Màmúdù ló wà lára rẹ̀, ilà mẹ́ta tí iná jó.

A wọ́ ọkọ̀ méjèèjì gun orí iyanrìn kan láàrin odò. Mo fi ìborùn mi ta ìbòjú, Ìyá Sẹfíà fi tirẹ̀ kún un, a lé àwọn ọkùnrin lọ sí ẹ̀yìn. Kò pẹ́ rárá. Ọmọbìnrin ni, ó sunkún kó tó jáde tán. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Nígbà tí mo wo ojú Ìyá Sẹfíà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ibi ọmọ ò jáde. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, iyanrìn ń mu ún, ó sì ń dà sí i. Obìnrin tí mo mọ̀ pé ó ń fura sí gbogbo ayé, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ẹ̀rù bà á.

"Èyí ju ọwọ́ mi lọ. Ilé ìwòsàn Patégi. Nísinsìnyí."

A ti gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀ wa nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan ṣẹ́rí sí wa, gbò-gbò-gbò. Màmúdù ni, òun nìkan, pẹ̀lú ẹ̀sín tí wọ́n fi ń gún ẹja. Ó rí ọkọ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn. Ó rí àjẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ wa. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kó àjẹ̀ méjèèjì, tirẹ̀ àti tiwa, ó gbé e sábẹ́ apá, ó sì dúró síwájú ọkọ̀ wa. Ọ̀pá Ndàgí ò lè kan ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀. Láìsí àjẹ̀, a ò lè lọ síbì kankan.

"Ọkọ̀ mẹ́ta ló ti sọnù ní etídò wa láti ìgbà tí omi ti fà," ni Màmúdù wí. "Mo ti wá rí yín. Ó di ọ̀dọ̀ baálẹ̀."

Ìyá Sẹfíà ṣàlàyé. Ó fi ẹ̀jẹ̀ hàn án, ó fi ọmọ hàn án.

"Ẹnikẹ́ni lè gbé ọmọ ọlọ́mọ dání," ni Màmúdù wí.

Wálláhì, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun gan-an ló bá ara rẹ̀ pàdé yẹn. Ìyá Sẹfíà tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó ń bẹ ọkùnrin kan pé kó gba òun gbọ́. Àgbẹ̀ yẹn náà kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ló tú ọkọ̀ lórí ìso, pé kò sí ẹnì kankan létídò tí òun ì bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmúdù wo ẹni tó jí ọkọ̀ rẹ̀, tó tún ń sọ òótọ́, kò mọ èyí tí yóò mú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin inú ọkọ̀, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ fi nǹkan sílẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Ẹrù yín, tàbí èèyàn kan. Tí ẹ ò bá padà, mo mọ ohun tí màá gbé lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀."

Mo ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ obì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí Ìyá Sẹfíà dì mí lápá.

"Ìyàwó, ìwọ lo máa dúró."

"Èmi? Ìyá, obì ń kọ́?"

"Obì ò lẹ́nu. Wọ́n á jẹ ẹ́, kò sì ní lè sọ fún mi. Ìwọ lẹ́nu."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba àjẹ̀ wọn, tí wọ́n lọ: òun, Ndàgí, àgbẹ̀, ìyá ọmọ, ọmọ, àti apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́fà. Wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ lórí iyanrìn pẹ̀lú ọkùnrin tó ní ẹ̀sín.

Ẹ̀yin ẹ̀ bá ti fóònù sílé. Ẹ̀ bá ti ya fọ́tò Màmúdù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Èmi jókòó sí ìpẹ̀kun kan iyanrìn, ó jókòó sí ìpẹ̀kun kejì. Kò sún mọ́ mi, n kò sún mọ́ ọn. Mo kírun Alásàrí, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Òun náà kírun, ó fi ẹ̀sín sí iwájú ara rẹ̀ níbi tí mo ti lè rí i pé ó lè tètè mú un. Lẹ́yìn náà ó yan ẹja kan, ó gé e sí méjì, ó gbé ìdajì fún mi. N kò fẹnu kàn án títí tó fi jẹ tirẹ̀. Obì mẹ́ta wà ní ìdí aṣọ mi, mo fún un ní ọ̀kan. Ó mú un dání, ó ń wò mí, títí mo fi gé tèmi jẹ. A jẹun bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń ṣọ́ ológbò.

"Wọn ò ní padà," ló wí nígbà tó yá. Ohùn rẹ̀ kò le. Bí ẹni ń káàánú mi ló ṣe sọ ọ́.

Mo ní wọ́n á padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, n kò gbà á gbọ́. Mo mọ Ìyá Sẹfíà. Mo ń rò ó pé ọjà Patégi ọ̀la ni yóò ná, tí yóò wá sọ fún ọkọ mi pé odò ló gbé mi lọ. Mo sì ń wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn ti gbẹ sórí iyanrìn, mo ń rò ó pé tó bá kú, ta ni Màmúdù máa gbà gbọ́ láé.

Oòrùn ti pọ́n nígbà tí mo gbọ́ gbò, gbò. Ìyá Sẹfíà ló kọ́kọ́ fò sílẹ̀, ìró rẹ̀ tutù dé orúnkún, ó ń fi ọwọ́ ti àgbẹ̀ yẹn síwájú.

"Ó wà láàyè," ló wí. "Wọ́n ti yọ ibi ọmọ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kó dùbúlẹ̀ títí di Jímọ̀." Kò wo ojú mi. Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì, ó wo ẹsẹ̀ mi, bí ẹni ń ka ọjà tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Àgbẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Màmúdù. Màmúdù jẹ́ kó wà nílẹ̀ díẹ̀. Ó lọ so ọkọ̀ rẹ̀ ńlá náà mọ́ ìdí ọkọ̀ wa, ó fi àjẹ̀ onílà mẹ́ta sínú rẹ̀, ó padà wọ ọkọ̀ kékeré tó gbé wá.

"Mú ọkọ̀ lọ sí Patégi, kó wà níbẹ̀ di Jímọ̀, kí o wá dá a padà," ló sọ fún àgbẹ̀. "Ndàgí á bá ọ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wà. Má fọwọ́ ara rẹ kàn án mọ́ láé."

Ìyá Sẹfíà ya ẹnu. "Ṣé o ti wá gbà á gbọ́ ni?"

"N ò gbà á gbọ́," ni Màmúdù wí. "Ọmọ ọjọ́ kan ò lè fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ni."

Ó wà á lọ. Kò kí wa.

Ìrìnàjò yẹn ló kẹ́yìn tí a bá omi lọ. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn tó dé, wọ́n ti la títì dé àwọn ọjà náà, mọ́tò ń gbé obì, Ndàgí fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ ń ṣe lébìrà, a ò sì rí ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí èmi àti Ìyá Sẹfíà máa jiyàn fún ọdún tó lé ní ogún. Mo ní àgbẹ̀ yẹn dá ọkọ̀ padà. Ó ní kò dá a padà, pé ẹni tó jí i lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀nà. A jiyàn rẹ̀ nílé ìsọmọlórúkọ, a jiyàn rẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀, a jiyàn rẹ̀ débi pé ọkọ mi á dìde kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ kí Ìyá Sẹfíà kẹ́yìn, kò lè jókòó mọ́, mo ń fi omi nù ún lẹ́sẹ̀. Ó dijú. Mo rò pé ó ti sùn.

"Ìyàwó," ló wí, "ó dá a padà."

Mo ń nù ún lẹ́sẹ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n ó kọjá Jímọ̀ kó tó dá a padà."